Omi Lè Fò, Iyọ̀ Kò Lè Fò

Ẹni tó bá ti jẹ ewédú tó yọ̀ dáadáa, tàbí tó ti se ẹ̀wà tó ń ṣe agídí lórí iná, ti mọ káún. Òkúta aláwọ̀ eérú tó máa ń wà lórí àtẹ, tí wọ́n ń fọ́ wẹ́wẹ́ fún oníbàárà. Bí ẹ bá bi ìyá tó ń tà á pé ibo ló ti wá, yóò dá yín lóhùn pé, "Òkè Ọya ni, àwọn Hausa ló ń kó o wá." Kò parọ́, àmọ́ ọ̀nà káún lè jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ayé àtijọ́, lára èyí tó lókìkí jù ni káún tí wọ́n ń wà ní Kanem, lápá àríwá ìlà-oòrùn Adágún Chad, ní orílẹ̀-èdè Chad. Wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi àti ràkúnmí gbé e dé Bọ̀nú, àwọn oníṣòwò á sì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí yóò fi dé ọjà wa.

Ta ló kó o sílẹ̀ níbẹ̀? Omi ni.

Adágún Chad kò ní ojú ọ̀nà kankan sí òkun. Odò Chari ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ wá, kò sì sí odò tí kì í gbé iyọ̀ díẹ̀ dání láti ara òkúta àti erùpẹ̀ tó bá fọ̀ kọjá. Oòrùn ibẹ̀ sì le. Ojoojúmọ́ ló ń fa omi adágún náà lọ, tí iyọ̀ ń ṣẹ́ kù. Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, adágún náà ìbá ti di omi iyọ̀ tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀, àwọn ará etí rẹ̀ ń mu ún, ẹja odò ló sì ń gbé inú rẹ̀. Inú iyanrìn etí adágún ni àṣírí wà. Omi ń jò jáde lábẹ́lẹ̀ gba inú iyanrìn yẹn, ó sì ń gbé iyọ̀ lọ. Ní Kanem, òkìtì iyanrìn àtijọ́ tò lọ rẹrẹ, ilẹ̀ sì rì láàárín wọn. Níbi tí ilẹ̀ tó rì náà bá ti sún mọ́ omi abẹ́ ilẹ̀, omi á máa gun òkè díẹ̀díẹ̀ gba inú iyanrìn títí á fi dé ojú ilẹ̀. Oòrùn á fà á gbẹ. Iyọ̀ tó gbé wá kò lè bá a lọ, á jókòó síbẹ̀, á dì, á nípọn, títí àwọn ọkùnrin á fi wá gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, tí wọ́n á máa pè é ní ọjà.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ni mo fi jẹun, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ń pè wá ní ọ̀gá àgíríìkì ní abúlé. Ohun tí mo rí nínú oko àti lẹ́bàá kànga nílẹ̀ Yorùbá kò yàtọ̀ sí ti Kanem, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò tiwa pọ̀ jù tiwọn lọ fíìfíì. Omi ló ń gbé iyọ̀ kiri. Omi lè fò lọ sójú ọ̀run, iyọ̀ kò lè fò. Tí mo bá sì ní iyọ̀, kì í ṣe ti inú ọbẹ̀ nìkan ni mo ní lọ́kàn: ajílẹ̀ òyìnbó inú àpò, ohun tó ń jò látinú ìgbẹ́ adìẹ àti látinú ṣáláńgá, gbogbo nǹkan tó ń yọ́ sínú omi tí ojú kò rí mọ́.

Láàárín ojú ilẹ̀ àti omi kànga, apá kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú sí. Àwọn agbẹ́kànga Ìbàdàn mọ̀ ọ́n: erùpẹ̀ dúdú lókè, ilẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ tàbí yangí nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà àpáta tó ti jẹrà, kí wọ́n tó kan omi. Erùpẹ̀ tí wọ́n ń fi korobá fà jáde látinú kòtò yẹn máa ń tutù lọ́wọ́. Omi wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Kí ló dé tí omi náà kò ṣàn sínú kòtò?

Torí pé kò kún ni. Àlàfo wà láàárín hóró erùpẹ̀ kan àti èkejì. Ní apá ilẹ̀ yìí, omi gba díẹ̀ níbẹ̀, atẹ́gùn gba ìyókù. Ìwọ̀nba omi tó wà rọ̀ mọ́ ara hóró erùpẹ̀, ó tún há sí kọ̀rọ̀ tóóró níbi tí hóró méjì ti fara kanra. Ilẹ̀ dì í mú. Bí omi bá ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń dì í mú le sí i, títí a ó fi dé ibi tí gbòǹgbò á fà á tì, tí ewé á sì rọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn ti ń rọ láìní jí mọ́, àwọn onímọ̀ fi í sí ìlọ́po 15 agbára tí atẹ́gùn ayé fi ń tẹ ara wa.

Òwú fìtílà ni mo máa fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Epo wà nísàlẹ̀, iná wà lókè, kò sẹ́ni tó ń fi ẹ̀rọ fà á; ibi tí òwú ti ń gbẹ ló ń fa epo láti ibi tí epo ti pọ̀. Bí omi ṣe ń rìn nínú ilẹ̀ tí kò kún nìyẹn: láti ibi tí ilẹ̀ ti dẹwọ́ fún un lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti dì í mú típẹ́típẹ́. Ìbáà jẹ́ ìsàlẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ìbáà jẹ́ òkè. Ẹni tó bá rò pé ìsàlẹ̀ nìkan ni omi mọ̀, kó lọ wo ẹsẹ̀ fẹ́ńsì ilé rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun tó ń hù síbẹ̀, tó ń bó ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, iyọ̀ ni. Omi ló gùn látinú ilẹ̀, ó gba inú búlọ́ọ̀kù, ó yọ́ iyọ̀ tó bá lọ́nà, ó sì fò lọ nígbà tó dé ojú ògiri. Ọ̀dà olówó iyebíye kò lè dí i lọ́wọ́.

Òjò àkọ́rọ̀ náà ń fi ohun kan hàn wá. Àgbàlagbà àgbẹ̀ kì í tìtorí pé òjò rọ̀ lánàá sáré gbé irúgbìn àgbàdo. Á kọ́kọ́ fi àdá gbẹ́ ilẹ̀ wò bóyá òjò wọlẹ̀. Ohun tó máa ń rí nìyí: erùpẹ̀ dúdú tó rin gbingbin, ó lè má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, lẹ́yìn náà ìlà kan, lábẹ́ ìlà yẹn, erùpẹ̀ gbígbẹ tó ń di eruku. Kò sí pé ó ń tutù díẹ̀díẹ̀ kó tó gbẹ. Ẹ fi ìka kan òkè ìlà, ẹrẹ̀ lẹ ó bá. Ẹ fi kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, kò sí ohun tó jọ omi.

Ẹ ó rò pé erùpẹ̀ tí òǹgbẹ ń gbẹ tó bẹ́ẹ̀ á gbé omi mì kíá. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ lóòótọ́, ọ̀nà ọ̀fun ni kò sí. Inú omi ni omi ń gbà kọjá. Níbi tí èyí tó rọ̀ mọ́ hóró erùpẹ̀ bá ti fẹ́lẹ́ jù, ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá; láàárín ìgbà tí ilẹ̀ kún fún omi àti ìgbà tó gbẹ, bí omi ṣe ń rí ọ̀nà gbà lè dín kù ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà omi kò lè sáré síwájú kó fi ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ó gbọ́dọ̀ rin ibi tó wà dáadáa kó tó sún. Àfi tí ekòló, ikán tàbí gbòǹgbò tó ti jẹrà bá ti lu ihò sílẹ̀. Bí òjò ńlá bá dé, omi á já gba inú ihò wọ̀nyí lọ sísàlẹ̀ láìkí ẹnikẹ́ni.

Ó pẹ́ kí ìṣirò tó bá ohun tí ojú àgbẹ̀ ti ń rí. Henry Darcy, ẹnjiníà tó ṣètò omi ẹ̀rọ fún ìlú Dijon ní ilẹ̀ Faransé, ti fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ní 1856 bí omi ṣe ń gba inú iyanrìn, ṣùgbọ́n iyanrìn tó kún bámúbámú fún omi ni tirẹ̀. Ilẹ̀ tí kò kún kò rí ẹni sọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀ títí di 1907, nígbà tí Edgar Buckingham, tó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, gbé tirẹ̀ jáde. Ó di erùpẹ̀ oríṣiríṣi sínú páìpù, ó gbé ìdí wọn sínú omi, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ láti wo ibi tí omi máa gùn dé. Ó rí i pé bí ilẹ̀ ṣe ń fa omi tó, àti bí omi ṣe ń rí ọ̀nà gbà tó, ìwọ̀n omi tó wà nínú ilẹ̀ náà ló ń pinnu àwọn méjèèjì. Ó tún kíyè sí i pé bí oòrùn bá tètè gbẹ ojú ilẹ̀, erùpẹ̀ gbígbẹ tó wà lókè yẹn á di ìdènà fún omi tó wà nísàlẹ̀. Àgbẹ̀ wa tó ń fi ọkọ́ tú ojú ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn òjò kò ka ìwé Buckingham, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó ń já ọ̀nà tí omi fẹ́ gbà gùn wá sókè.

Ní 1931, Lorenzo Richards pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìṣirò kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ṣì ń lò di òní. Ohun tó wù mí nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé omi nìkan kò tó o. Ó lọ ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí ilẹ̀ oníyọ̀ ní Riverside, California, òun ló sì ṣe olóòtú ìwé ńlá tí wọ́n tẹ̀ ní 1954 lórí bí a ṣe ń mọ ilẹ̀ tí iyọ̀ ti bà jẹ́ àti bí a ṣe ń tún un ṣe. Ẹni tó mọ bí omi ṣe ń rìn ló mọ ibi tí iyọ̀ ń lọ.

Mi ò lè ṣàì sọ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbin òdòdó sínú ìkòkò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí ìkòkò kí wọ́n tó da erùpẹ̀ lé e, wọ́n ní kí omi lè tètè jáde ni. Ẹ̀tàn ni. Erùpẹ̀ kíkúnná di omi mú típẹ́típẹ́. Àlàfo àárín òkúta fẹ̀ jù, kò lágbára láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Omi á dúró sókè òkúta, á máa kóra jọ títí ìdí erùpẹ̀ yẹn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kó tó kán sílẹ̀. Dípò kí gbòǹgbò rí àyè mí, ibi tí omi dúró sí ti wá gòkè bá a. Àwọn tó ń kọ́lé ń jàǹfààní ohun kan náà: òkúta tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ilé kì í jẹ́ kí omi rí ọ̀nà gùn wá sínú yàrá.

Ó wá ku ẹrù tí omi ń rù. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ àpò ajílẹ̀ tí wọ́n kọ 15-15-15 sí lára. Oúnjẹ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, àpò kan náà ni wọ́n jọ wọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti bọ́ sílẹ̀, kálukú ló ń bá tirẹ̀ lọ. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í jìnnà. Ilẹ̀ pupa wa tí irin pọ̀ nínú rẹ̀ á gbá a mú, kò ní fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Pòtáṣíọ̀mù ń rìn díẹ̀, amọ̀ ń dá a dúró. Náítírójìn ni alárìnkiri. Bí kòkòrò tí ojú kò rí inú ilẹ̀ bá ti sọ ọ́ di náítíréètì, amọ̀ kò ráyè rẹ̀ mọ́, torí agbára iná tó wà lára amọ̀ àti èyí tó wà lára náítíréètì jẹ́ oríṣi kan náà, wọ́n ń ti ara wọn dànù. Ibi tí omi bá yà ló ń yà. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń yọ àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu pé kí wọ́n pín ajílẹ̀ àgbàdo sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí òjò ńlá mẹ́ta sì tẹ̀ lé e, ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sísàlẹ̀ níbi tí gbòǹgbò kò ti lè tọ̀ ọ́ lọ.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìrìn náà á yí padà. Ìyá kan tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ sí àkùrọ̀ ránṣẹ́ pè mí nígbà kan. Mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun. Ẹ wá wo ohun tí ayé fi ojú mi rí. Ta ló wá da iyọ̀ sílẹ̀ mi lóru?"

Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ funfun lóòótọ́, pàápàá ní góńgó òkè níbi tí oòrùn ti ń rí i jù. Ẹ̀gbẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tó ti rẹlẹ̀, kò ní. Etí ewé tẹ̀tẹ̀ kéékèèké ti jóná. Mo bi í pé kí ló ń fi sílẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ adìẹ ni, àpò lórí àpò, àti yúríà díẹ̀ kí ewé lè dúdú. Omi ńkọ́? Kànga kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko ni, ó ń fi agolo wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

"Màmá, kò sẹ́ni tó ṣe yín," mo ní. "Omi díẹ̀ díẹ̀ tí ẹ ń wọ́n yẹn kì í jìnnà. Ó ń yọ́ iyọ̀ ajílẹ̀, oòrùn á fà á padà sókè kí ilẹ̀ tó ṣú, iyọ̀ á jókòó."

"Ìgbẹ́ adìẹ náà ní iyọ̀ nínú?"

"Ó ní dáadáa, Mà."

Mo ní kó dín ìgbẹ́ adìẹ kù, kó fi koríko gbígbẹ bo bẹ́ẹ̀dì kí oòrùn má bàa rí ilẹ̀, kó sì máa bomi rin ín púpọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí omi lè ti iyọ̀ náà kọjá ìdí gbòǹgbò. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ ó bá mi fà á látinú kànga?" Mi ò rí èsì fún un. Ó gbà láti bo bẹ́ẹ̀dì, ó dín ìgbẹ́ adìẹ kù, omi púpọ̀ ni kò gbà. Méjèèjì ti tó láti mú kí funfun yẹn dín kù, òjò tó dé lẹ́yìn náà ló sì gbé ìyókù lọ. Ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, onímọ̀ ilẹ̀ Rattan Lal, tó gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí láti 1970 lọ lórí irú ìbòrí bẹ́ẹ̀; pòròpórò tí a fi sílẹ̀ lórí oko ń dáàbò bo ojú ilẹ̀ lọ́wọ́ òjò, omi á wọlé dípò kó ṣàn lọ pẹ̀lú erùpẹ̀.

Òjò gbé e lọ, mo ní. Ibo ló gbé e lọ? Kànga Màmá kò jìn sí bẹ́ẹ̀dì.

Ìrìn yìí lè pẹ́. Èyí tó pọ̀ nínú omi ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ wa tó ń gbé Kent ní Gẹ̀ẹ́sì ń mu, inú òkúta ẹfun abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá. Àwọn onímọ̀ tọpa ohun tí bọ́ǹbù haidirójìn tí wọ́n dán wò ní àwọn ọdún 1950 àti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 sọ sínú òjò, wọ́n gbẹ́ ẹfun náà wò, wọ́n sì rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 1 lọ́dún. Níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá ti jìn ní mítà 40, ajílẹ̀ tí bàbá àgbẹ̀ kan fọ́n sóko nígbà èwe rẹ̀ lè má tíì débẹ̀. Tiwa kò jìn tó bẹ́ẹ̀, òjò wa sì pọ̀, nítorí náà a kì í dúró pẹ́ kí tiwa tó dé.

Náítíréètì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí ó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi pò wàrà fún ni wọ́n ń rò jù. Ní 1945, dókítà Hunter Comly ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà kọ nípa àwọn ọmọ jòjòló tí ara wọn di aláwọ̀ búlúù torí omi kànga oko tí náítíréètì pọ̀ nínú rẹ̀. Náítíréètì náà kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wọn gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ. Àwọn ìyá wa á ní, "A máa ń sè é." Sísè ń pa kòkòrò àrùn, ó dára, ẹ má fi í sílẹ̀. Náítíréètì ńkọ́? Bí omi bá ṣe ń hó, omi ló ń fò lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù sínú ìkòkò ti ki sí i.

Apá ilẹ̀ tí omi kò kún inú rẹ̀, tí mo sọ níṣàájú, ló ń gbà wá lọ́wọ́ ṣáláńgá. Bí ohun tó ń jò látìdí rẹ̀ bá ń gba inú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn á há sójú ọ̀nà, á kú síbẹ̀. Náítíréètì kò ní há. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn onílé pé ṣáláńgá tó bá kan omi ló dára jù, pé kì í tètè kún. Kì í tètè kún lóòótọ́, torí omi tí àdúgbò ń mu ló ń gbé e lọ. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ àjọ ń tẹ̀ lé ni pé kí ìdí ṣáláńgá fi ó kéré tán mítà 1.5 ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, kí kànga sì fi mítà 30 jìnnà sí i. Mítà 30 jẹ́ nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 100. Púlọ́ọ̀tì Ìbàdàn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì jẹ́ 50 sí 50, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń kọ́lé sórí ààbọ̀. Ẹ lè fi ọgbọ́n gbé kànga sí igun kan, kí ẹ gbé ṣáláńgá sí igun kejì, ṣáláńgá ẹni tẹ́ ẹ jọ pààlà lè wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 sí kànga yín lẹ́yìn fẹ́ńsì. Nítorí náà, kí ẹ tó ní kí agbẹ́kànga gbé dígà, ẹ kan ilẹ̀kùn onílé tó wà lápá òkè yín, kí ẹ béèrè ibi tí tiwọn wà.